Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Igbó Olókùn ní Ilẹ̀ Òtútù, àti Ohun Tó Kọ́ Wa Nípa Irúgbìn Àjèjì

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó wa ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, àwọn méjì nínú wa mú ìwé ẹ̀yáwó wá síwájú akápò. Kì í ṣe owó oògùn kòkó, kì í sì ṣe owó ilé-ìwé ọmọ. Irúgbìn ni wọ́n fẹ́ rà. Ọkùnrin kan ló gbé e dé ọjà wa nínú páálí. Ó ní irúgbìn igbó olókùn ni, láti ìlú òyìnbó, pé kì í pa ènìyàn bí èyí tí àwọn ọmọ ìta ń fà, pé àwọn ilé iṣẹ́ ń dúró de okùn rẹ̀, pé ìjọba sì ti fọwọ́ sí i. Èyí tó wá dùn létí jù ni pé ó ní: “Bí ó bá lè ga ju àjà lọ nínú òtútù àti ọ̀rinrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báwo lẹ ṣe rò pé yóò rí nínú oòrùn tiyín?”

Ọ̀rọ̀ yẹn jọ òótọ́. Òun ló mú kí àwọn méjèèjì fẹ́ fi gbogbo owó tí wọ́n ti fi pamọ́ sínú ẹgbẹ́ dúró fún ẹ̀yáwó náà. Akápò kò lé wọn, kò sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń gbin igbó olókùn ní ilẹ̀ tó tutù tó sì rin, kí a kọ ọ́ sínú ìwé oṣù yìí, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè mọ ohun tí à ń sọ kí a tó tún pàdé. Ohun tí a rí nìyí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó pe ọmọ rẹ̀ kí ó kà á sí i létí.

1. IGI WO NI?

Igbó olókùn àti igbó tí wọ́n ń fà, igi kan náà ni. Àwọn onímọ̀ ń pe méjèèjì ní Cannabis sativa. Ẹ wò ó bí ẹ ti ń wo ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ kan wà tí a lè sè jẹ lójú ẹsẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí a kò bá rẹ ẹ́ kí a fún omi rẹ̀ dànù, májèlé ni. Ewé wọn jọra, igi wọn jọra, ohun tó wà nínú wọn ni kò pọ̀ bákan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igbó rí. Ohun tó ń da orí ènìyàn rú nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní THC. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọdún 2023, irú tí àgbẹ̀ lè gbìn fún okùn kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ojú lásán kò lè rí èyí o. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́.

Igi náà ní akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìbẹ́pẹ. Akọ á tú ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà á gbẹ, á kú. Abo á dúró so èso. Àwọn ará Faransé ti tọ́ àwọn irú kan tí akọ àti abo jọ wà lórí igi kan, kí gbogbo oko lè gbó pa pọ̀.

Okùn rẹ̀ wà lára èèpo igi. Igi funfun tó wà nínú, wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ fún ẹṣin láti sùn lé, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ ẹfun fi mọ ògiri ilé. Èso rẹ̀ ní òróró.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1533, Ọba Henry Kẹjọ ṣòfin pé ẹni tó bá ń ro éékà 60 gbọ́dọ̀ ya ìdá kan nínú mẹ́rin éékà kan sọ́tọ̀, kí ó gbin igbó olókùn tàbí fláásì sí i. Kí ni ọba ń fi ṣe? Okùn ọkọ̀ ojú omi ni. Ilé kan tí wọ́n ti ń lọ́ okùn náà ṣì wà ní Chatham dòní. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 346, ó ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ, nítorí pé gbọọrọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ na okùn kí wọ́n tó lè lọ́ ọ. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo òfin ọba, okùn inú ilé kò tó wọn. Láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nígbà tí ọkọ̀ wọn di púpọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àṣẹ ọba kò tó láti mú oko so.

2. BÁWO NI ÒTÚTÙ ÀTI Ọ̀RINRIN WỌN ṢE RÍ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ju tiwa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí oko pọ̀ sí, òjò ọdún kan kò ju bíi mìlímítà 600 lọ. Ti Ìbàdàn tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tiwa á rọ̀ gidi, oòrùn á yọ, ewé á gbẹ kí a tó jẹun tán. Tiwọn á máa sẹ̀ wínníwínní, oòrùn kò ní agbára, omi á sì jókòó sórí ewé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nínú oṣù keje, tí ó jẹ́ ìgbà ooru wọn, ọ̀sán á tó bíi ìwọ̀n 22, òru á sì lọ sílẹ̀ dé bíi 12 tàbí 13. Òru ọyẹ́ tiwa ni wọ́n ń pè ní ooru yẹn o!

Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa ń gbé ní Lincolnshire. Ó fi fóònù ránṣẹ́ sí wa pé bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, ènìyàn á wọ oko ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ á sì rin gbingbin dé orúnkún, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ lánàá. Ìrì ni.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí, ó sì kan àwa oníkòkó pẹ̀lú: kì í ṣe iye òjò tó rọ̀ ló ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́, bí kò ṣe iye wákàtí tí omi fi wà lára rẹ̀ láìgbẹ.

3. BÍ WỌ́N ṢE Ń GBÌN ÍN

Òtútù kò jẹ́ kí wọ́n tètè gbìn. Ìrì tó dì bí yìnyín lè bọ́ sílẹ̀ títí wọ inú oṣù karùn-ún. Nítorí náà wọ́n ń dúró kí ilẹ̀ ó móoru dé bíi ìwọ̀n 8 sí 10, èyí tó máa ń jẹ́ ìparí oṣù kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbìn ín. Irúgbìn kì í wọlẹ̀ jìn, ó lè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3.

Tí ó bá jẹ́ okùn ni wọ́n ń wá, wọ́n á gbìn ín fún ara wọn pinpin, bíi kílò 40 sí 50 irúgbìn sí hẹ́kítà kan. Kí nìdí? Bí wọ́n bá fún ara wọn báyìí, kò ní sí àyè láti pẹ̀ka. Gbogbo wọn á máa dù lọ sókè wá ìmọ́lẹ̀, igi á tẹ́ẹ́rẹ́, á gùn, okùn rẹ̀ á sì dára. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé á bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, èpò kò ní rí ìmọ́lẹ̀, wọn kò sì ní í ro oko yẹn mọ́. Ibi yìí ló wu àgbẹ̀ wọn jù.

Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣì kéré, ohun kan wà tó ń bà á jẹ́ kíákíá: omi tó dúró sí gbòǹgbò. Ilẹ̀ amọ̀ tó le, tí katakátá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí òjò wá dúró sí, á sọ igbó olókùn di pupa rúsúrúsú, kò sì ní dàgbà mọ́. Nítorí náà, ní ilẹ̀ tó rin, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí omi rí ọ̀nà lọ. Ilẹ̀ tó tú, tó jìn, tí kò kan jù, ló fẹ́.

4. ÌMỌ́LẸ̀ OJÚMỌ́ NI AAGO RẸ̀

Ẹ dúró síbí dáadáa, nítorí ibi tí ọkùnrin onípáálí fi yé àwọn ará wa gba nìyí.

Igbó olókùn kì í wo oòrùn nìkan, ó ń ka wákàtí. Bí ojúmọ́ bá gùn, á máa ga. Bí ojúmọ́ bá kúrú dé ìwọ̀n kan, á ṣíwọ́ gíga, á tanná, á mú èso. Irú kọ̀ọ̀kan ní iye wákàtí tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ irú ti Yúróòpù, ó wà ní bíi wákàtí 14 tàbí kí ó lé díẹ̀.

Ní London, ní àárín oṣù kẹfà, ilẹ̀ á mọ́ fún wákàtí 16 àti ààbọ̀. Ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 19. Ẹ gbọ́ o, wákàtí 19! Ẹni tó bá jí láàárọ̀ ibẹ̀, tó ṣiṣẹ́, tó jẹun alẹ́, tó sùn, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ìyẹn ló ń mú igbó olókùn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 12 láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í ṣe òtútù ló mú un ga, kì í sì ṣe ọ̀rinrin. Ojúmọ́ gígùn ni.

Bí oṣù keje bá ti parí, tí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kúrú, wọ́n mọ̀ pé ó ti fẹ́ tanná. Àwọn tó ń wá okùn á gé e ní nǹkan bí àárín oṣù kẹjọ, nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kí okùn tó le bí igi.

Àwọn tó ń wá èso ni ìṣòro wọn pọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kí èso gbó, oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá á sì ti dé pẹ̀lú òjò àti ìrì. Nítorí náà ni àwọn ará Finland ṣe tọ́ irú kan tí wọ́n pè ní Finola. Èyí kì í dúró de kí ọjọ́ kúrú. Ó máa ń tètè tanná, á sì gbó láàrin bíi oṣù mẹ́rin, kí òtútù tó dé bá a. Ṣùgbọ́n kúkúrú ni, ènìyàn lè dúró kí ó máa wo orí rẹ̀. Èso ni wọ́n gbìn ín fún, kì í ṣe okùn. Ẹ rí i pé wọn kò gbìyànjú láti bá ojú ọjọ́ wọn jà. Irú tó lè parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ọ̀tá tó dé ni wọ́n wá.

5. Ọ̀RINRIN TÓ DI Ọ̀TÁ

Ọ̀tá náà ni irú olú kéékèèké kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Botrytis. Bí atẹ́gùn bá rin, tí ojú ọjọ́ tutù díẹ̀, tí òdòdó igbó sì ti ki, omi á há sáàrin rẹ̀. Láti inú lọ́hùn-ún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Àgbẹ̀ á rí ewé kan tó rọ, á fà á, á sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Tó bá ya òdòdó náà, á rí i pé inú rẹ̀ ti bu, àwọ̀ eérú ti bo gbogbo rẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó lè ràn kálẹ̀. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ Sclerotinia. Ìdí igi àti ara rẹ̀ lòun ń jẹ, kóró dúdú rẹ̀ á sì wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí ó bá ti wọ oko kan, kí wọ́n fi oko náà gbin ọkà ló kù.

Ẹ̀yin oníkòkó, ǹjẹ́ ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ yìí? Àrùn tó ń sọ odindi èso kòkó di dúdú lásìkò òjò, bákan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ rí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹbí kan náà. Oko tí òjìji rẹ̀ pọ̀ jù, tí atẹ́gùn kò gbà kọjá, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ̀. Ẹni tó bá gé ẹ̀ka tó ki, tó ń kó èso tó ti bàjẹ́ jáde, tó ń kórè lóòrèkóòrè, tirẹ̀ á sàn. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbin igbó olókùn fún èso, ohun kan náà ló ń ṣe: á fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn kọjá, á yan irú tó tètè gbó, kò sì ní gbìn ín sí kòtò tí ìrì ti ń pẹ́ gbẹ.

Bí èso bá gbó tán, eré ìje ló kù. Èso tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé nínú ọ̀rinrin, bí wọ́n bá kó o jọ gègèrè di ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ á gbóná, á sì bu. Láàrin wákàtí díẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ èso, kí ó má gbìn ín.

6. Ọ̀RINRIN TÓ DI ÌRÁNṢẸ́

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù nìyí: ọ̀rinrin kan náà tó ń pa èso, òun ló ń bá wọn yọ okùn.

Okùn lẹ̀ mọ́ igi bí awọ ti lẹ̀ mọ́ ẹran. Ẹ mọ bí a ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú: a ó kó o sínú omi, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin á rọ̀, èèpo àti okùn inú rẹ̀ á bọ́. Wọ́n ń ṣe igbó olókùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í kó o sínú omi. Wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ lóko, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ìrì. Ìrì á mú un rin lálẹ́, olú kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ohun tó so okùn mọ́ igi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, tí wọ́n ti yí i padà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, okùn á máa ya fúnra rẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n máa dá a dúró. Tí kò bá pẹ́ tó, okùn ò ní bọ́. Tó bá pẹ́ jù, okùn fúnra rẹ̀ á jẹrà, bí ẹ̀gẹ́ tó pẹ́ nínú omi ti ń di ẹrẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ọjọ́ díẹ̀ tí oòrùn yọ kí wọ́n tó dì í, kí omi inú rẹ̀ lè dín sí bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí òjò bá ká wọn mọ́ ní oṣù kẹsàn-án láìdáwọ́ dúró, gbogbo iṣẹ́ ọdún lè jẹrà mọ́ ilẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gé e ní oṣù kẹjọ.

7. TÍ A BÁ WÁ GBÌN ÍN SÍHÌN-ÍN ŃKỌ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọkùnrin onípáálí. Ó ní tó bá ń ga nínú òtútù, yóò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn wa. Ìdáhùn wa nìyí.

Ní Èkìtì, ní Òndó, ní Ọ̀ṣun, ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún, ní oṣù kẹfà, kò ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ. Èyí tó kúrú jù, ní oṣù kejìlá, jẹ́ bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40. Irúgbìn tí wọ́n tọ́ dàgbà lábẹ́ wákàtí 16, tó ń tanná tí ọjọ́ bá dín sí 14, tí a bá sọ ọ́ sílẹ̀ níbí, kí ni yóò rò? Yóò rò pé ọdún ti ń parí. Á hù tán, á tanná nígbà tó ṣì kúrú, nǹkan bí orúnkún tàbí kí ó lé díẹ̀. Okùn wo la fẹ́ yọ lára igi tí kò ga tó ata? Oòrùn wa pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn ló ń kà. Wákàtí ló ń kà, wákàtí náà ni a kò sì ní láti fún un.

Kí a má ṣe àbòsí, irú tó mọ ọjọ́ kúkúrú wà. Àwọn ará gúúsù China àti àwọn ará orí òkè ní àríwá Thailand ní tiwọn, wọ́n sì ti ń gbìn ín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló wà nínú páálí. Yúróòpù ni ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ pè.

8. ÒFIN ŃKỌ́?

Bí a tilẹ̀ rí irúgbìn tó bá ilẹ̀ wa mu, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Òfin igbó ti ọdún 1966, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21 ni wọ́n kọ fún ẹni tó bá gbìn ín. Ní 1975 wọ́n yọ ikú kúrò. Òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989 wá kọ ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó bá gbìn ín.

A mọ ibi tí ariwo “ìjọba ti fọwọ́ sí i” ti wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, olóògbé Rotimi Akeredolu, tó jẹ́ gómìnà Òndó nígbà náà, bá ọ̀gá àgbà NDLEA lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Ìwé ìròyìn gbé e, ẹnu kò sì sinmi. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò kì í ṣe òfin. Ẹni tí wọ́n bá mú lóko kò lè fi ìwé ìròyìn gba ara rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, kò sí àgbẹ̀ tó kàn lè gbìn ín. Láti 1993 ni ìjọba wọn ti ń fún àgbẹ̀ ní láísẹ́ǹsì. Àní pẹ̀lú láísẹ́ǹsì, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2019: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí, ní Oxfordshire, ti gbin tiwọn, ó ti hù, ó ti tó kórè. Ìjọba kò fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì wọn mọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ba oko náà jẹ́. Owó àjọṣe ni o. Kò sí ẹni tó dá a padà fún wọn ní ọjọ́ kejì.

9. ÀMỌ̀RÀN WA

Àwọn ará wa méjèèjì kò ṣe ohun ìtìjú. Àgbẹ̀ tó ń wá ọ̀nà tuntun ni ẹgbẹ́ ń fẹ́, nítorí kòkó nìkan kò lè gbọ́ bùkátà gbogbo ilé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tiwa ni pé, ẹ má jẹ́ ká yáwó fún ìyà. Àmọ̀ràn wa fún akápò ni pé kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó fún irúgbìn yìí.

Tí ó bá jẹ́ okùn la fẹ́, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìnkùlé wa. Ewédú tí à ń jẹ yìí, òun gan-an ni ọ̀kan nínú igi tí àwọn ará Bangladesh àti India fi ń ṣe àpò tí à ń di kòkó sí. Àwọn jẹ́ kí ó ga, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n bó okùn rẹ̀. Àwa já ewé rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Kẹ́náfù náà ń bẹ, mọ̀lẹ́bí iṣápá, tí àwọn onímọ̀ ní Moor Plantation ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Òun náà ń ka wákàtí díẹ̀, nítorí náà ìgbà tí a gbìn ín ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó máa bi wá léèrè. A ò ní kí ẹ sáré lọ gbìn ín láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa rà á.

Fún irúgbìn àjèjì yòówù tí wọ́n bá gbé wá, ìbéèrè mẹ́rin ni kí á máa bi ẹni tó gbé e wá, kí a tó fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́:

(a) Ní ilẹ̀ wo ni wọ́n ti tọ́ ọ, wákàtí mélòó sì ni ojúmọ́ ibẹ̀?
(b) Oṣù wo ni yóò gbó, báwo sì ni òjò àti ìrì wa ṣe máa ń rí ní oṣù náà?
(d) Ta ni yóò rà á, níbo ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ìwé àdéhùn dà?
(e) Kí ni òfin sọ, ta ló sì fi ìwé òfin náà hàn wá?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó máa gbé páálí rẹ̀ lọ. Irúgbìn kò burú, ilẹ̀ wa náà kò burú. Wọn kò kàn mọ ara wọn ni.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ló fà á tí igbó olókùn fi ń ga ní ilẹ̀ òtútù, tí kò sì ní ga níbí?
2. Báwo ni ọ̀rinrin ṣe jẹ́ ọ̀tá, báwo ló sì ṣe jẹ́ ìránṣẹ́?
3. Nínú oko kòkó tìrẹ, ibo ni omi ti ń pẹ́ gbẹ jù lárọ̀? Kí lo máa ṣe sí i kí òjò tó le?
4. Ta ló lè sọ irúgbìn àjèjì kan tó rà rí, tó hù tàbí tí kò hù, àti ohun tó kọ́ níbẹ̀?

Kí olúkúlùkù mú ìdáhùn wá. Ẹ má gbàgbé owó oṣù, ẹ sì mú ìwé kékeré yín lọ́wọ́. Ó di ọjọ́ ìpàdé o.

Àwa ni ti yín,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́.